Orí Kẹfà: Ohùn Ayédé Nínú Fáìlì

Bí ẹ bá gba ohùn ìyá àgbà kan sílẹ̀ ní Ayédé-Èkìtì lónìí, tí ẹ sì gbé e fún ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣèwádìí ohùn, ohun mẹ́ta ló máa kọ́kọ́ bi yín kó tó béèrè ohun tí ìyá sọ. Ìgbà mélòó ni rikọ́dà yín ń wọn ìgbì ohùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan? Bíìtì mélòó ló fi ń kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀? Ṣé ọ̀nà kan ni ohùn gbà wọlé, àbí méjì? Lórí ìdáhùn mẹ́ta yìí ni gbogbo iṣẹ́ orí yìí dúró.

Mo mú Ayédé nítorí pé ìlú tí ogun kó jọ ni. Ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ń da ilẹ̀ Èkìtì láàmú, Èṣùbíyì kó àwọn ará Iye àti àwọn mìíràn tí ogun tú ká jọ síbẹ̀, ó sì jọba lé wọn lórí gẹ́gẹ́ bí Àtá. Andrew Apter, ọmọ Amẹ́ríkà tó wá kọ́ nípa ìlú náà ní àwọn ọdún 1980, gbé ìwé Black Critics and Kings jáde ní 1992 lórí ọba, àwọn ìjòyè àti ìsìn Yemọja níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí èdè nígbà tí àwọn èèyàn tí orírun wọn yàtọ̀ bá ń gbé pọ̀ nínú odi kan, irú ìlú bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó gbé rikọ́dà lọ. Láti Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011, ọ̀nà ibẹ̀ kò jìn.

Iṣẹ́ sì wà níbẹ̀ láti ṣe. Àkójọ ohùn Yorùbá tó wà fún ìwádìí ti ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Yunifásítì Èkó àti Yunifásítì North-West ní Gúúsù Áfíríkà jọ gbé ọ̀kan jáde ní 2015, ohùn obìnrin 16 àti ọkùnrin 17, Èkó ni wọ́n ti gbà á. Ní 2020, Google gbé tirẹ̀ jáde, Kọ́lá Túbọ̀sún sì wà lára àwọn tó kọ ìwé ìròyìn iṣẹ́ náà: ohùn èèyàn 36, ó lé díẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin. Ní 2022, BibleTTS dé pẹ̀lú Bíbélì kíkà ní èdè 10 nílẹ̀ Áfíríkà, Yorùbá wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá àjùmọ̀lò ló pọ̀ jù nínú gbogbo wọn. Àkójọ YORÙLECT tó jáde ní 2024 ló ya ẹ̀ka-èdè sọ́tọ̀, ó sì mú Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ìlàjẹ. Kò mú Èkìtì. Nítorí náà, wákàtí kan tí a bá gbà dáadáa ní Ayédé kì í ṣe nǹkan kékeré, bẹ́ẹ̀ ni wákàtí kan tí a bá fi ọwọ́ ara wa bàjẹ́ nígbà tí a ń yí fáìlì padà.

Inú irú fáìlì tí wọ́n ń pè ní FLAC ni ọ̀pọ̀ irú ohùn bẹ́ẹ̀ máa ń wà. BibleTTS fúnra rẹ̀, FLAC ni, ní ìwọ̀n 48,000 fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Josh Coalson ló bẹ̀rẹ̀ FLAC, ẹ̀dà àkọ́kọ́ tó pé jáde ní oṣù keje ọdún 2001. FLAC kì í ju nǹkan kan nù. Ó máa ń wo àwọn ìwọ̀n tó ti kọjá, á fi wọ́n ṣírò ohun tí èyí tó kàn yẹ kó jẹ́, á wá kọ kìkì ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìṣirò rẹ̀ àti ohun tó dé gan-an sílẹ̀. Ìgbì ohùn èèyàn kì í ṣàdédé fò láti ibì kan sí ibòmíràn, nítorí náà ìyàtọ̀ yẹn máa ń kéré, nọ́ńbà kékeré kì í sì í gba àyè. Bí ẹni ká agbádá sínú àpótí ni: nígbà tí a bá tú u jáde, òwú kan kò dín. MP3 kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí etí kò ní tètè fura sí ni MP3 ń yọ kúrò, ohun tó bá ti yọ, ó ti lọ pátápátá.

Àwọn olólùfẹ́ orin máa ń rò pé tiwọn ni irú ìmọ̀ yìí. Ṣáájú FLAC, Tony Robinson ti ṣe Shorten ní Yunifásítì Cambridge ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ọ̀rọ̀ ẹnu ló sì tìtorí rẹ̀ ṣe é: àwọn àkójọ ohùn tí wọ́n ń kó sórí CD fún àwọn olùwádìí ti ń tóbi jù. Inú iṣẹ́ ìwádìí ọ̀rọ̀ ni kíká fáìlì láìjẹ́ kó dín ti gbé dàgbà kó tó di ti olórin.

Bí FLAC bá wá dára tó báyìí, kí ló dé tí a tún ń yí i padà? Ẹ̀rọ tí a fẹ́ lò ló ń bèèrè nǹkan mìíràn. Praat, ètò ìwádìí ìró ohùn tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní Yunifásítì Amsterdam, máa ń ṣí FLAC láìjanpata. ELAN, tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ ohùn ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, fáìlì WAV, tí kì í ká ohùn, ló fẹ́ kó tó ya ìgbì ohùn hàn fún yín. Àwọn ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, bíi Whisper ti OpenAI tàbí MMS ti Meta, ohùn ìwọ̀n 16,000 ni wọ́n fi kọ́ wọn. Bí ẹ bá gbé ìwọ̀n 48,000 lé wọn lọ́wọ́ láìyí i, tí ẹ kò sì sọ fún wọn, ìyá àgbà yóò dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní ìdá mẹ́ta ìyára rẹ̀, ohùn rẹ̀ á sì wálẹ̀ bíi ti ẹni tó ń kùn nínú kànga. Ẹ̀rọ náà kò ní ráhùn. Yóò kàn kọ ìsọkúsọ jáde.

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń da nǹkan méjì pọ̀. Títú FLAC sí WAV jẹ́ iṣẹ́ kan, kò sì mú nǹkan kan kúrò: nọ́ńbà tó wọlé ni nọ́ńbà tó jáde. Dídín ìwọ̀n láti 48,000 sí 16,000, dídín bíìtì láti 24 sí 16, àti pípa ọ̀nà méjì pọ̀ di ọ̀kan jẹ́ iṣẹ́ mìíràn, èyí sì ń mú nǹkan kúrò, kò sí ẹ̀yìn tí a lè padà sí. Àṣẹ kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà ló máa ń ṣe méjèèjì pọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fi máa ń rò pé òun kàn yí orúkọ fáìlì padà ni. Ojú tèmi ni pé kí a máa ṣe wọ́n bí ìpinnu méjì, kódà bí ó bá jẹ́ ìlà kan ni a máa tẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú fáìlì kan wò. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó ti ìyá àgbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi gbohùngbohùn kékeré kan kọ́ ọrùn aṣọ ìyá, ó fi ìkejì kọ́ tirẹ̀. Ohùn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé ní apá òsì, ti ìyá ní apá ọ̀tún. Ìwọ̀n 48,000, bíìtì 24. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ǹlẹ́ o, mọ̀mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ bí ẹ ṣe ń ṣe ọdún nígbà tí ẹ wà léwe." Ìyá bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wákàtí kan bá pé, nọ́ńbà tí rikọ́dà ti kọ tó mẹ́gábáìtì 1,037 kí FLAC tó ká a. Bí a bá yí i sí ìwọ̀n 16,000, bíìtì 16, ọ̀nà kan, mẹ́gábáìtì 115 ni yóò kù, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Fún ẹni tó ń ra dátà láti fi fáìlì ránṣẹ́, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Àṣẹ tí gbogbo ayé ń lò ni ti ffmpeg, ètò tó ń yí fáìlì ohùn padà:

ffmpeg -i iya01.flac -ac 1 -ar 16000 -c:a pcm_s16le iya01.wav

Ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo "-ac 1" yẹn. Ohun tó sọ ni pé kí ẹ̀rọ pa ọ̀nà méjì pọ̀. Ohùn akẹ́kọ̀ọ́ ti wọ inú ohùn ìyá. Gbogbo "hẹn", gbogbo "ẹ̀n-ẹ́n, mọ̀mọ́" tí ọmọ náà fi ń gbè é lẹ́sẹ̀ ti bo ẹnu ìyá mọ́lẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé gbohùngbohùn méjèèjì ló gbọ́ ìyá, ọ̀kan súnmọ́ ọn, ìkejì jìnnà díẹ̀, ohùn sì pẹ́ díẹ̀ kó tó dé èyí tó jìnnà. Nígbà tí a bá pa wọ́n pọ̀, ìgbì kan yóò gbé ìgbì kejì sókè níbì kan, yóò sì pa á lẹ́nu níbòmíràn. Ó sàn kí a mú apá ọ̀tún nìkan. Pẹ̀lú SoX, ètò mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ó lọ báyìí:

sox iya01.flac -r 16000 -b 16 iya01.wav remix 2

Apá kejì ni "remix 2" yẹn, ti ìyá. Bí ẹ bá fẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ náà, ẹ tún un ṣe pẹ̀lú 1, kí ẹ sì fún un ní orúkọ tirẹ̀.

Dídín ìwọ̀n ní òfin tirẹ̀. Harry Nyquist ló kọ ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní 1928, Claude Shannon sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ní 1949: ìwọ̀n tí a bá ń mú láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kò lè gbé ìró tó kọjá ìlàjì rẹ̀. Ìwọ̀n 16,000 kò lè gbé ju 8,000 Hertz lọ. Kò burú. Ṣùgbọ́n kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ìró tó wà lókè 8,000? Ká ní ariwo "s" kan wà ní 10,000. Bí ẹnì kan bá kọ ètò kọ̀ǹpútà tó kàn ń mú ìwọ̀n kan nínú mẹ́ta, tó ń fo méjì, ariwo yẹn kò ní lọ síbì kankan. Yóò padà wá jókòó sí 6,000, níbi tí kò ní nǹkan kan ṣe. Ẹni tó bá wo àwòrán ìró náà yóò rí agbára níbi tí ẹnu ìyá kò fi sí. Ìdí nìyẹn tí ffmpeg àti SoX fi máa ń kọ́kọ́ sẹ́ ohun tó ju 8,000 lọ kúrò kí wọ́n tó dín ìwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ẹ má dá a ṣe fúnra yín. Láti 48,000 sí 16,000, mẹ́ta géérégé ni. Láti 44,100 tí CD ń lò, ìṣirò rẹ̀ jẹ́ 160 lórí 441, ètò tí a kọ ní wàrà-wàrà sì máa ń kọsẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá ṣì ní àṣàyàn lórí rikọ́dà, ẹ fi sí 48,000.

Ṣé 16,000 wá tó fún ohùn Ayédé? Ọwọ́ ohun tí ẹ ń wá ló wà. Bí ó bá jẹ́ ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni, ó tó, ó tún ṣẹ́kù. Bí ọ̀nà ọ̀fun ṣe ń gbọ̀n ló ń gbé àmì ohùn wa, ìyẹn kì í sábàá kọjá nǹkan bí 500 Hertz, kódà lẹ́nu obìnrin. Bí ó bá jẹ́ fáwẹ́ẹ̀lì, ó tó. Èkìtì sì dùn láti wádìí lórí fáwẹ́ẹ̀lì. Níbi tí Yorùbá àjùmọ̀lò ti ń pe "ilé", ẹ ó gbọ́ "ulé", bẹ́ẹ̀ sì rèé, Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi "u" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Nínú àwọn ẹ̀ka-èdè kan láàárín gbùngbùn ilẹ̀ Yorùbá, "i" àti "u" lè ní ìró méjì-méjì, gẹ́gẹ́ bí fáwẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀lé wọn bá ṣe rí. Marek Przezdziecki ṣe ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Cornell ní 2005 lórí àǹkóò fáwẹ́ẹ̀lì nínú Mọ̀bà, Àkùrẹ́ àti Yorùbá àjùmọ̀lò, ó sì fi ẹ̀rọ wọn ìró wọn. Ohun tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń wọn jù ni F1, agbára àkọ́kọ́ tí ihò ẹnu ń gbé jáde. Ti "i" àti "u" kì í jìnnà sí 300 tàbí 400 Hertz. 8,000 kò dí i lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ "s" àti "ṣ" ni ẹ fẹ́ wò, bí àwọn àgbà kan ṣe ń pè wọ́n yàtọ̀ sí bí ọmọ iléèwé ṣe ń pè wọ́n, ẹ má dín in. Agbára "s" máa ń ga ju ti "ṣ" lọ, ó sì máa ń kọjá 8,000 dáadáa. Ẹni tó bá gé e síbẹ̀ ti gé lára ohun tó wá wò. Irú iṣẹ́ yìí ni a fi ń tú FLAC sí WAV ní 48,000 bí ó ṣe wà, láìdín nǹkan kan. Ẹ̀dà kan náà kò lè ṣe gbogbo iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ bíìtì kò gùn. Bíìtì 16 fún wa ní ìpele 65,536 láàárín ìdákẹ́jẹ́ àti igbe; bíìtì 24 fún wa ní ìpele tó lé ní mílíọ̀nù 16. Ó dára kí a fi 24 gba ohùn ní oko tàbí lọ́jà nítorí a kò mọ ìgbà tí ẹnì kan yóò bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí a bá ti gbà á tán, 16 tó fún ọ̀rọ̀ ẹnu. Ohun kan ṣoṣo tí mo máa ń tako ni àṣà gbígbé gbogbo fáìlì sókè dé ìwọ̀n kan náà kí ó lè dùn ún gbọ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní ìdí tó fi ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ariwo jẹnẹrétọ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń dún nígbà tí ìyá ń sọ̀rọ̀, tí iná rẹ̀ sì kó wọ wáyà gbohùngbohùn, ẹ ṣí fáìlì náà nínú Praat, ẹ ó rí i: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó nà gbọọrọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní 50 Hertz, òmíràn ní 100, òmíràn ní 150. Ohùn ìsàlẹ̀ ọkùnrin àgbà lè bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ 100 yẹn gan-an, Praat sì lè máa ka jẹnẹrétọ̀ bí ẹni pé baba ló ń sọ̀rọ̀. Èèyàn á fẹ́ pa ìlà yẹn rẹ́ kó tó tọ́jú fáìlì. Kó má ṣe é lára FLAC. Kó ṣe é lára ẹ̀dà WAV, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ṣe é.

Irọ́ kan tún wà tí FLAC máa ń pa láìmọ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ti gba ọwọ́ Opus kọjá, Opus náà sì ti yọ nǹkan kúrò bíi ti MP3. Bí ẹnì kan bá yí i sí FLAC, fáìlì yóò tóbi, orúkọ yóò dára, ohùn kò ní padà. MP3 náà ńkọ́? Ó tún máa ń fi ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ sí iwájú ohùn. Pẹ̀lú LAME, ètò tí a fi ń ṣe MP3, ìwọ̀n 1,105 ni, nǹkan bí ìdá kan nínú ogójì ìṣẹ́jú àáyá ní 44,100, bí ẹ̀rọ tó tú u kò bá gé e kúrò. Fún orin, ta ni yóò mọ̀? Fún ẹni tó ń sàmì sí ibi tí fáwẹ́ẹ̀lì kan ti bẹ̀rẹ̀ nínú ELAN, gbogbo àmì ti yẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn láti mọ FLAC tó ti kọjá lọ́wọ́ MP3 ni kí a wo àwòrán ìró rẹ̀: lókè ibì kan, bíi 16,000 Hertz, ó máa ń dúdú tàbí funfun lójijì bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, nígbà tí ohùn àdánidá máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Orúkọ fáìlì ni ibi tí àwa Yorùbá ti ń rí ìyọnu tí àwọn ẹlòmíràn kò mọ̀. Lẹ́tà "ọ̀" kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, ètò nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. A lè kọ ọ́ bí "ọ" pẹ̀lú àmì lórí, ó di méjì. A sì lè kọ ọ́ bí "o", àmì abẹ́ àti àmì orí, ó di mẹ́ta. Ojú kan náà ni wọ́n ní lójú wa, kọ̀ǹpútà ka wọ́n sí orúkọ méjì. Ẹ ó rí i pé ètò tó ń wá "Ọdún_Yemọja.wav" yóò ní kò sí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó wà níwájú yín. Nínú orúkọ fáìlì, ẹ kọ lẹ́tà lásán àti nọ́ńbà: ayede_iya01_ap2_16k.wav. Nínú ìwé tó ń tẹ̀lé e, níbi tí ọ̀rọ̀ ìyá fúnra rẹ̀ wà, ẹ kọ gbogbo àmì pé pérépéré, kí gbogbo fáìlì sì tẹ̀lé ọ̀nà kan náà. Orúkọ ìyá fúnra rẹ̀ kò yẹ kó wà lórí fáìlì rárá. Nọ́ńbà tó, kí orúkọ àti ìwé tí ó fọwọ́ sí wà níbi tí a tì pa. FLAC lè gbé àlàyé nípa ohùn náà sínú ara rẹ̀: ọjọ́, ibi, ẹni tó gbà á. Nígbà tí a bá tú u sí WAV, ọ̀pọ̀ rẹ̀ lè sọnù láìsí ìkìlọ̀.

Kí a tó yí fáìlì kankan, kí a kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. FLAC máa ń kọ àmì kan tí wọ́n ń pè ní MD5 sínú ara rẹ̀, èyí tí a ṣírò láti ara ohùn náà kí a tó ká a. Bí ẹ bá tẹ "flac -t iya01.flac", kọ̀ǹpútà yóò tú u láìtọ́jú rẹ̀, yóò sì wò ó bóyá àmì náà bá a mu. Káàdì tó ti wọ òjò, fíláàṣì tí wọ́n fà yọ láìtọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń jẹ́wọ́. Lẹ́yìn tí a bá yí i tán, kí a fi "soxi" wo ìwọ̀n, bíìtì àti gígùn WAV tuntun. Gígùn méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. WAV tún ní ààlà kan tí àwọn tó ṣe é ní 1991 kò rò pé ẹnikẹ́ni yóò dé: kò lè kọjá gígábáìtì mẹ́rin, nítorí pé bíìtì 32 ni wọ́n fi ń kọ ìtóbi rẹ̀. Ọdún tí a gbà láti àárọ̀ dé alẹ́ ní 48,000 lè kọjá ibẹ̀. Kí a gé e sí wákàtí-wákàtí.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ̀dà mẹ́ta ni ìyá àgbà yóò ní. FLAC wà ní ibi méjì ó kéré tán, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. WAV 16,000 wà lọ́wọ́ olùwádìí, tó lè bàjẹ́ kí a sì tún ṣe òmíràn láti ara FLAC. Ẹ̀kẹta ni ti ẹbí, nítorí ọmọ ọmọ rẹ̀ kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù yóò bèèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohùn mọ̀mọ́ ránṣẹ́ sí mi." Ìyẹn kò nílò FLAC. MP3 ọ̀nà kan, ní kílóbíìtì 64 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kò tó mẹ́gábáìtì 29 fún wákàtí kan, fóònù èyíkéyìí sì lè ṣí i.